Ẹ má fi ìka júwe àgbọ̀nrín fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú abala àwọn òǹkàwé. Àwọn ọ̀gá ọdẹ tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àti àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń ná owó lórí bínókúlà, awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí wọn ò sì rí ẹran kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀gá àti ọmọ jókòó sí etí igbó. Ọ̀gá gbé bínókúlà sójú, kò pẹ́ tó fi ní, "Òun nìyẹn, lábẹ́ igi yẹn." Ó na ìka. Ọmọ náà gbé tiẹ̀, ó wá a sókè, ó wá a sódò, ewé nìkan ló ń rí. Ìgbà tó máa fi rí nǹkan kan, ìdí ẹran ló rí, ẹran ti ń sá lọ. Ọ̀gá á wá sọ pé ojú ọmọ náà kò tíì là. Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ là dáadáa, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹran ni. Ibi tí ẹran wà ni wọ́n ń fi hàn án lójoojúmọ́, bó bá sì ku òun nìkan nínú igbó, kò sí ìka tí yóò júwe fún un.

Ọwọ́ tí ọ̀gá nà yẹn gan-an tún máa ń lé ẹran. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú àgbọ̀nrín wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí orí, àfi ibi kékeré kan lẹ́yìn. Kì í rí ojú wẹ́wẹ́ nǹkan tó èèyàn, àmọ́ ohun tó bá mira kì í fò ó. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lè pẹ́ níwájú rẹ̀, ẹni tó bá na apá ti sọ fún un pé òun wà níbẹ̀.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí igbó. Kó kọ́kọ́ bá ọmọ to bínókúlà mọ́ ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bínókúlà tí wọ́n ń bú pé kò dáa, ẹni tó ni ín ni kò tò ó rí láti ọjọ́ tó ti rà á.

Oríkèé àárín ló ṣáájú. Kí ọmọ ṣí i dáadáa, kó gbé e sójú, kó wá máa pa á dé díẹ̀díẹ̀ títí òbìrìkítí méjì tó ń rí á fi di ẹyọ kan. Bí dúdú kan bá ṣì ń yọ létí, kò tíì bọ́ sí i. Ó kan rọ́bà tó yí ibi ojú ká. Ẹni tí kì í lo awò ojú á yí i síta, ẹni tó ń lo awò ojú á tẹ̀ ẹ́ wọlé pátápátá, torí dígí awò rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń lo awò gbọ́dọ̀ ka ìwé tó bá bínókúlà wá kó tó sanwó: bí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ojú àti dígí kò bá tó mìlímítà 15, àárín nìkan ni á máa rí, etí gbogbo á dúdú.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń fò ló kàn. Ojú méjèèjì èèyàn kì í sábà ríran bákan náà. Ìdí nìyẹn tí òrùka kékeré kan fi wà nídìí dígí ojú, ọ̀tún ló sábà máa ń wà. Kí ọmọ wá nǹkan tó ní ojú wẹ́wẹ́ ní nǹkan bíi mítà 50, bí èèpo igi tàbí àkọlé. Kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo dígí iwájú ti ọ̀tún. Kó má dijú o. Ojú méjèèjì ni kó là sílẹ̀, torí ẹni tó bá fipá di ojú kan, èyí tó kù á fún pọ̀, kò sì ní sọ òótọ́ fún un. Kó yí kẹ̀kẹ́ àárín, èyí tó ń mú kí ohun tó ń wò mọ́ kedere, títí èèpo igi á fi hàn dáadáa fún ojú òsì. Kó wá ṣí ọ̀tún, kó bo dígí iwájú ti òsì. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́. Òrùka yẹn nìkan ni kó yí títí ojú ọ̀tún náà á fi rí i kedere. Láti ìgbà náà lọ, kẹ̀kẹ́ àárín ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ nínú igbó. Kó fi téèpù sàmì sí ibi tí òrùka dúró sí, nítorí bí ẹnì kan bá yá a wò pẹ́nrẹ́n, òun ló máa yí. Ẹni tí òrùka rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ló fà á. Orí á kàn máa fọ́ ọ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, á sì gbé e sílẹ̀. Èyí tó ti jábọ́ lórí òkúta náà máa ń fọ́ni lórí, torí ihò méjèèjì kò kọjú síbì kan náà mọ́. Òrùka ò lè tún ìyẹn ṣe, ọwọ́ ẹni tó mọ àtúnṣe rẹ̀ ló ń lọ.

Ní ti èyí tó yẹ kó rà, nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀, bíi 8x42. Èkíní ni iye ìlọ́po tó ń fi mú nǹkan tóbi, èkejì ni bí dígí iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Ẹ fi èkíní pín èkejì, ẹ ó rí bí ìtànṣán tó ń jáde wá sójú ṣe fẹ̀ tó. 8x42 ń mú mìlímítà 5.25 wá, 10x42 ń mú 4.2, kékeré inú àpò tó jẹ́ 10x25 ń mú 2.5 péré. Ní ọ̀sán gangan ọmọlójú kéré, gbogbo wọn á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni àgbọ̀nrín máa ń jáde jẹun jù, ìgbà yẹn sì ni ọmọlójú ń fẹ̀; ó lè fẹ̀ tó mìlímítà 7 lójú ọ̀dọ́, ó máa ń dín kù bí ọjọ́ orí bá ń ga. Ilẹ̀ á ti ṣú fún 10x25 nígbà tí 8x42 ṣì ń fi etí ẹran hàn. Ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó rà á: ẹ nà án síwájú yín tó gígùn apá, ẹ kọ ọ́ sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ (kì í ṣe sí oòrùn!), ẹ wo àmì ìmọ́lẹ̀ róbótó tó wà nínú dígí ojú. Bó bá rí róbótó, ó dáa. Bó bá dà bíi pé wọ́n gé etí rẹ̀ níbì mẹ́rin, dígí inú rẹ̀ ń pàdánù ìmọ́lẹ̀.

Tèmi ni pé kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi 8 bẹ̀rẹ̀. Ní mítà 1000, 8x42 sábà máa ń fi ibi tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 130 hàn, 10x42 nǹkan bíi 110. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tó ń wò nílò fífẹ̀ yẹn ju títóbi lọ, pàápàá nínú igbó dídí. 10 wúlò ní ilẹ̀ gbalasa àti lórí òkè, lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú un dúró. Èyí tí wọ́n ń polówó pé ó lè lọ láti 10 dé 30, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà á. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè mú 30 dúró, ibi tó ń fi hàn á sì há, á ṣú. Àwọn tí dígí wọn pupa fòò náà, àwọ̀ yẹn ń dá lára ìmọ́lẹ̀ padà ni.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, ó ku ohun kan: gbígbé e sójú. Ọ̀pọ̀ á rí nǹkan tó mira, wọ́n á wolẹ̀ láti wá bínókúlà láyà wọn, wọ́n á gbójú sókè, ibẹ̀ á ti sọnù. Kí ojú má kúrò lára ohun tó ń wò rárá, ọwọ́ ni kó gbé bínókúlà wá bá ojú. Kí ọmọ fi kókó ara igi kan ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí tí kókó náà á fi máa wà láàárín òbìrìkítí nígbàkígbà tó bá gbé e.

Ẹ jẹ́ ká wọ igbó wàyí. Ìjókòó ló ń ríran. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń fi 10 wo mítà 300, èémí rẹ̀ nìkan tó láti mú kí gbogbo ewé máa jó, etí tó mì nínú wọn kò ní hàn. Kí ọmọ jókòó, kó fi ẹ̀yìn ti igi, kó gbé ìgúnpá méjèèjì lé inú orúnkún. Kó má gbé egungun ìgúnpá lé egungun orúnkún, torí á máa yọ̀. Ẹran itan tó wà lókè orúnkún díẹ̀ ni kó gbé e lé. Bó bá ní ọ̀pá, kó gún un mọ́lẹ̀ níwájú, kó di ọ̀pá àti bínókúlà mú pọ̀. Ẹni tó bá lè ru ohun ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé ibẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ dín kù púpọ̀. Kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ wà nínú òjìji: oòrùn ìdájí tó bá bọ́ sórí dígí iwájú máa ń kọ mànà, ẹran sì ń rí i. Kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i lójú. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ tútù ń sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì ní ìdájí, bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ á yí padà, á máa gòkè. Ibi tó dára ní agogo mẹ́fà lè gbé òórùn ọdẹ lọ bá ẹran ní agogo mẹ́sàn-án.

Kó má tíì gbé bínókúlà. Ojú lásán ni kó kọ́kọ́ fi wo gbogbo ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, torí ẹran tó wà ní gbangba tàbí tó ń rìn, ojú lásán ló ń tètè rí i. Lẹ́yìn náà kó fi bínókúlà wo itòsí. Itòsí ni mo wí. Àwọn ọmọ máa ń sáré lọ wo òkè kejì, àgbọ̀nrín tó dùbúlẹ̀ ní mítà 60 á wá gbéra, á fún wọn ní ariwo ìkìlọ̀, gbogbo ibẹ̀ á dà rú.

Lẹ́yìn itòsí, kó pín ibi tó kù sí abala. Kó mú igun kan lókè, kó dúró síbẹ̀. Níbí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù wà: ọ̀pọ̀ máa ń fi bínókúlà gbá ilẹ̀ lọ bíi ìgbálẹ̀, ojú wọn á máa sáré tẹ̀lé e, wọn ò ní rí nǹkan kan àfi èyí tó bá ń sá. Bínókúlà gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in, ojú ni kó máa rìn nínú òbìrìkítí, láti òsì lọ sí ọ̀tún, láti òkè wá sísàlẹ̀, kó wo abẹ́ igbó kọ̀ọ̀kan. Àárín òbìrìkítí ló mọ́ jù, àmọ́ etí rẹ̀ náà ń gbé ìmira wá. Bó bá ti wò ó tán, kó sún bínókúlà díẹ̀, kí ìdá mẹ́ta kan lára ibi tó ti wò ṣì wà nínú ibi tuntun, kí ibì kankan má bọ́ sí àárín méjì. Bó bá dé òpin, kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa padà bọ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Mo fẹ́ràn ìpadàbọ̀ yẹn ju ìlọ lọ. Láti òsì sí ọ̀tún ni a ti ń kàwé láti kékeré, ojú ti mọ bó ṣe ń fo nǹkan lọ́nà yẹn. Bó bá ń ti ọ̀tún bọ̀ á falẹ̀, á sì máa rí ohun tó fò tẹ́lẹ̀.

Bó bá ti wò ó tán lẹ́ẹ̀kan, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹran tó dùbúlẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ kọjá lè ti dìde. Àgbọ̀nrín jẹ́ ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ: á jẹun kíákíá, á lọ dùbúlẹ̀ níbi tó fara pamọ́ kó lè jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín ìdùbúlẹ̀ yẹn, á máa dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á na ara, á yí padà, á tún dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá wo ibì kan fún ìdajì wákàtí ní àǹfààní láti bá ọ̀kan nínú ìdìde yẹn pàdé ju ẹni tó ń ṣípò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún lọ. Kí ọmọ máa sọ bínókúlà kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, kó fojú lásán wo ọ̀nà jíjìn kí ojú sinmi. Ojú tó ti rẹ̀ á wo àgbọ̀nrín, á sì kọjá lọ.

Kí ló ń wá gan-an? Kó má wá àgbọ̀nrín. Odindi rẹ̀ kì í sábà jáde síta, ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń yọ. Igi dúró lóròó, koríko dúró lóròó, ẹ̀yìn àti ikùn àgbọ̀nrín ló wà níbùú. Kó máa wá ìlà tó wà níbùú láàárín àwọn tó wà lóròó, tó ga tó orúnkún tàbí ìgbáròkó èèyàn sílẹ̀. Igi tó ṣubú náà wà níbùú, òun ló máa ń tan ọmọ jẹ. Àmọ́ igi tó ṣubú máa ń kan ilẹ̀ níbì kan, ìlà ikùn ẹran ò kan ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kó wá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ṣẹ́ kọ́ńdọ́ níbi oríkèé. Kò sí igi tó ń ṣẹ́ báyẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kó wá imú dúdú tó ń dán nítorí pé ó tutù. Kó wá funfun ọ̀fun, funfun abẹ́ irù, funfun inú etí.

Àwọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbára lé. Ọ̀pọ̀ irú àgbọ̀nrín máa ń pọ́n nígbà ooru, wọ́n á sì di eérú-eérú nígbà òtútù. Ìwo tún burú jù ú lọ, òun sì ni gbogbo ọmọ máa ń wá. Lára àwọn àgbọ̀nrín ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìwo akọ máa ń já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù, ọ̀pọ̀ jù lọ abo wọn kì í sì í ní ìwo rárá. Ẹni tó ń wá ìwo á rí ẹ̀ka gbígbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì fo gbogbo abo.

Etí ló ń tú àgbọ̀nrín fó. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ sínú igbó dídí ní mítà 120. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ewé ni gbogbo rẹ̀. Kó fi ìka kan yí kẹ̀kẹ́ àárín díẹ̀díẹ̀: ewé iwájú á bàjẹ́ lójú rẹ̀, á dà bí èéfín, igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á mọ́; kó tún yí i díẹ̀, igi yẹn náà á bàjẹ́, àyè kan á ṣí láàárín rẹ̀. Ohun kan wà nínú àyè yẹn tó pọ́n díẹ̀, kò sì ní ojú wẹ́wẹ́ bí èèpo igi. Kó dúró síbẹ̀. Kò mira. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọjá lọ níbí. Kó ṣì dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ohun tó rí ṣóńṣó lórí rẹ̀ gbọn lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí eṣinṣin bà á. Ewé kì í gbọn lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́ nígbà tí àwọn tó yí i ká kò mira, etí ni. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan dúdú róbótó kan, ojú nìyẹn. Nísàlẹ̀ ojú, àgbọ̀n ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Odindi orí á wá hàn fún un lẹ́ẹ̀kan náà, á sì máa ya ọmọ lẹ́nu pé ó ti wà níbẹ̀ látìgbà yìí.

Yíyí kẹ̀kẹ́ láti fi la inú igbó kọjá yẹn, ọ̀gá tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní òun nìkan ti ṣe púpọ̀. Àwọn tó ń to kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewé iwájú ni wọ́n ń wò láti àárọ̀.

Bó bá ti rí ọ̀kan, iṣẹ́ kò tíì tán. Abo kì í sábà dá rìn. Kó wo ọ̀tún, òsì àti ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kó tó mira, torí ẹran tí ọdẹ kò rí ló ń lé èyí tó rí. Kó wo etí rẹ̀: bí méjèèjì bá ń yí káàkiri, ara rẹ̀ balẹ̀, bí méjèèjì bá kọ síbì kan, kí ọmọ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá gbórí sókè tó tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n jókòó sí, kí ọmọ má sọ bínókúlà kalẹ̀ o, bí ọwọ́ tilẹ̀ ń ro ó. Àgbọ̀nrín á tẹrí bá bí ẹni tó fẹ́ máa jẹun lọ, á sì tún gbé e sókè lójijì. Ó ń wò bóyá nǹkan á mira ni. Bó bá ń jan ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, ó ń fura. Bó bá na irù sókè, ó ń lọ nìyẹn.

Báwo wá ni kí ọ̀gá ṣe kọ́ ọ láìna ìka? Kí ọ̀gá tètè dé, kó fúnra rẹ̀ wá ẹran kan, kó sì dákẹ́. Kó wá sọ pé, "Láàárín igi tó wó yẹn àti òkúta funfun, ọ̀kan wà níbẹ̀. O ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Má bá mi sọ̀rọ̀." Bí àkókò bá pé tí kò rí i, kó gé ibẹ̀ sí méjì: "Apá ọ̀dọ̀ òkúta ni." Bí kò bá tún rí i, kó sọ ẹ̀yà ara tó yọ: "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wàá kọ́kọ́ rí." Kó má sọ ibi tó wà. Bí ọmọ bá ní òun ti rí i, kí ọ̀gá bi í pé ibo ló kọjú sí, ṣé ó ń jẹun àbí ó dúró, mélòó ló tún wà nítòsí rẹ̀. Ìbéèrè kẹta yẹn ló máa ń tú ẹni tó ń parọ́ nítorí ìtìjú, wọ́n sì pọ̀. "Ẹ ṣé ọ̀gá, mo ti rí i" ti ba ọ̀pọ̀ ìkọ́ṣẹ́ jẹ́.

Bó bá di dandan kí ọ̀gá júwe, ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ohun ńlá tí àwọn méjèèjì jọ ń rí, kó fi òbìrìkítí wọ̀n ọ́n: "Gbé òkúta funfun sí àárín. Sún lọ sí ọ̀tún ìbú òbìrìkítí kan. Sọ̀ kalẹ̀ ìdajì." Kí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òbìrìkítí 8 àti ti 10 kò fẹ̀ bákan náà.

Ọjọ́ tí ẹran kò bá sí, aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 tó fún kíkọ́. Kí ọ̀gá fi mẹ́fà pamọ́ sínú igbó ní mítà 50, 100 àti 150, kí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan péré máa yọ, kí ọmọ jókòó síbì kan kó yàwòrán ibi tí gbogbo rẹ̀ wà sínú ìwé. Aṣọ kì í gbọn etí, nítorí náà ó le ju ẹran lọ.

Ìtọ́jú bínókúlà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀wù kọ́ ni wọ́n fi ń nù ún. Iyanrìn tó wà lára dígí á fi ẹ̀wù ha á. Ẹ fẹ́ eruku kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbá a, kí ẹ tó fi aṣọ dígí nù ún. Ẹ má tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú ọ̀rinrin, torí olú tó bá hù sínú dígí kì í sábà ṣeé nù.

Ohun kan kù tó ń bí mi nínú, òun ló sì jẹ́ kí n kọ̀wé. Àwọn ọmọ kan kì í ra bínókúlà, wọ́n ní awò orí ìbọn àwọn tó. Ohun tó bá wà nínú awò orí ìbọn ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Ẹni tó bá fi í wá ẹran nínú igbó á kọ ìbọn sí igi, sí ajá, sí ẹni tó ń ṣẹ́gi, sí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó mọ ohun tí ó jẹ́. Bínókúlà ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí odindi ẹran hàn, kí wọ́n mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ìbọn tó kúrò ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń wọ̀ lórí aṣọ ọdẹ náà wà fún ìyẹn: ojú àgbọ̀nrín kò mọ pupa àti àwọ̀ ọsàn bí tiwa, ojú èèyàn ni ó ń dán sí. Ọ̀gá tó bá rí ọmọ tó gbé ìbọn sójú láti fi wo inú igbó, kó gba ìbọn náà, kó tú ọta inú rẹ̀, kó fún un ní bínókúlà tirẹ̀ fún ìyókù ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọdẹ kan tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́